Òjíá Inú Igbó Wa

Ẹ̀yin ará mi ní Ìdèpé, ní Ìkòyà, ní Òde-Aye, ní Ìgbòtako, ní Ilútìtun, títí dé Òde-Ìrèlé, ẹni tó bá wà nídìí ààrò lọ́wọ́, kó má dìde nítorí mi. Kó gbé rédíò sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó máa ro ọkà rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ èéfín ni mo gbé wá lónìí. Kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa níhìn-ín tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní iṣẹ́ tí èéfín ń ṣe. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí a fún omi ara rẹ̀ dànù, tí a yọ okùn inú rẹ̀, tí a wá mọ ní róbótó, orí àjà ààrò là ń tò ó sí. Èéfín á máa yá a níbẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gún un, a ó ha dúdú yẹn kúrò, funfun inú rẹ̀ la fi ń ṣe púpurú. Ẹja tí àwọn ará wa ní Ìlàjẹ ń kó gba Ìgbókòdá wá sí ọjà, èéfín kan náà ni kì í jẹ́ kó bu. Èyí ni pé àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé èéfín ń dá ìdíbàjẹ́ dúró.

Èéfín mìíràn wà tí a kì í fi yá oúnjẹ. Òórùn rẹ̀ là ń wá. A ń fi í kún ilé ìjọsìn, a ń fi í kún aṣọ, a ń fi í kún yàrá tí aláìsàn ti dìde. Orílẹ̀-èdè tí kò ní irú èéfín bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé, igi tí ó sì yí wọn ká ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń dá a. Igi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nítòsí wa, júnípà ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá mú yín padà wá sí ẹ̀yìnkùlé wa níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Júnípà ń hù káàkiri ìhà àríwá ayé, ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ní Éṣíà. Níbi tí òtútù bá ti le jù, ó lè máà ga ju orúnkún àgbà lọ, yóò kàn máa fà nílẹ̀ láàárín òkúta. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣóńṣó, ó ń gún ọwọ́. Èso rẹ̀ róbótó, àwọ̀ aró ló ní, ó sì máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó gbó. Òróró olóòórùn kún inú igi náà, inú ewé, inú èso. Bí wọ́n bá da ẹ̀ka tútù rẹ̀ lé iná, kì í jó fòfò. Èéfín funfun tó nípọn ló máa ń rú, òórùn rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀nà jíjìn.

Àwọn ará Tibet, lókè Himalaya lọ́hùn-ún, ni mo rò pé wọ́n mú èéfín yìí ní ọ̀kúnkúndùn jù lọ. Lórí òrùlé ilé àti lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì wọn, ẹ ó rí ààrò kékeré tí wọ́n fi amọ̀ tàbí òkúta mọ, tí kò sí ẹni tó ń se oúnjẹ nínú rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, onílé á da ẹ̀ka júnípà sí i, á bu ìyẹ̀fun ọkà báálì tí wọ́n ti yan lé e, á fi bọ́tà díẹ̀ kún un, á sì wọ́n omi sí i kí èéfín lè pọ̀. Sang ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbà pé ó ń wẹ àìmọ́ kúrò lára ènìyàn àti ilé, àti pé ó ń lọ bá àwọn ẹ̀mí tó ni òkè àti ilẹ̀, tí inú wọn á fi yọ́ sí ọmọ aráyé. Wọ́n tilẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọjọ́ 15 nínú oṣù karùn-ún kàlẹ́ńdà wọn, tí gbogbo ìlú ń gun orí òkè lọ láti sun ún papọ̀.

Ní Hunza, tó wà ní àríwá Pakistan, àwọn aríran kan wà tí wọ́n ń pè ní bitan. Bí bitan bá fẹ́ ríran, á da orí kọ èéfín júnípà, á máa fà á símú títí ẹ̀mí á fi gùn ún. Onílù á lu, òun náà á jó, á sì máa sọ ohun tí àwọn ẹ̀mí inú òkè bá fi sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí elégùn nílẹ̀ wa yóò mọ ohun tí mò ń sọ, kò nílò àlàyé gígùn.

Nígbà tí ọdún tuntun bá wọlé ní àwọn òkè Scotland láyé àtijọ́, wọ́n á ti kó ẹ̀ka júnípà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó lè gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, wọ́n á ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n á dí gbogbo ihò ilé, wọ́n á tan júnípà náà, wọ́n á máa gbé e láti yàrá dé yàrá. Èéfín á bo tọmọdé tàgbà, wọ́n á máa wúkọ́, omi á máa bọ́ lójú wọn. Wọ́n á gbé e dé ilé ẹran pẹ̀lú, kí màlúù àti ẹṣin má bàa gba èpè tàbí ojú búburú lọ́dún náà. Bí ìyá ilé bá rí i pé ó tó, á ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ tútù á wọlé, ọtí á sì yí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ń jẹun ọdún.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí yẹn. A máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù tún fi júnípà bá àjàkálẹ̀ àrùn jà. Wọ́n gbà nígbà náà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fa àrùn, pé òórùn dídùn ló sì lè lé e. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ńlá bo Lọ́ńdọ́nù ní 1665, wọ́n sun igi olóòórùn nínú ilé àti ní ìgboro. Àrùn náà kò gbọ́. Ọdún 1894 ni Alexandre Yersin tó rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn yẹn, nígbà tó sì di 1898, Paul-Louis Simond fi hàn pé eégbọn ara eku ló ń gbé e ran ènìyàn. Àrùn kan náà ló wọ Èkó ní 1924, eku ni wọ́n sì dojú kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi, nítorí mo mọ̀ pé títí dòní, àwọn kan wà láàárín wa tí ọmọ wọn ń gbóná janjan, tí wọ́n ń fi tùràrí kún yàrá, tí wọn ò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Àdúrà kò ní sá lọ.

Ní báyìí, kí ló kan Òkìtìpupa nínú ọ̀rọ̀ júnípà? Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́, inú ìgò ló sì gbà wọlé. Èso júnípà ni wọ́n fi ń fún ọtí jíìnì àti síná-àǹpù ní òórùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi láti Rotterdam àti Hamburg ń já ọtí yìí sí èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àpótí àpótí. Ìgò onígun mẹ́rin ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ìlú Schiedam, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ni wọ́n ti ń pọn èyí tó lókìkí jù. Díẹ̀díẹ̀, ọtí àwọn òyìnbó di ọtí àwọn baba ńlá wa: òun là ń gbé lọ kí ọba, òun là ń gbé lọ tọrọ ìyàwó, òun là ń ta sílẹ̀ níwájú ojúbọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Dmitri van den Bersselaar, kọ odidi ìwé kan lórí bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, ó jáde ní 2007. Nítorí náà, àgbàlagbà Ìkálẹ̀ tó ta síná-àǹpù sílẹ̀ tó sì pe orúkọ àwọn tó ti lọ, èso igi òkè Yúróòpù ni òórùn tó gba afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀. Àwọn ará Tibet ń fi iná gbé òórùn júnípà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀mí. Ọtí la fi gbé tiwa.

Nígbà tí àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye ní 1919, tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọtí líle olówó pọ́ọ́kú, tí ọtí òyìnbó sì wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn wa kò jókòó lásán. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń pọn ògógóró láti ara ẹmu, agbègbè Òkìtìpupa sì di ọ̀kan lára ibi tí orúkọ ògógóró ti ń dún jù lọ. Ìjọba fòfin dè é nígbà náà, ọlọ́pàá sì máa ń kó àwọn tó ń pọn ọ́n. Kò sí júnípà nínú ògógóró, síbẹ̀ ó bọ́ sójú ibi tí jíìnì wà níwájú òrìṣà, òrìṣà kò sì kọ̀ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ìtàn yìí gan-an. Ó fi hàn pé nígbà tí ohun tó ń ti òkèèrè wá bá wọ́n, àwọn ará ilé yìí mọ bí a ṣe ń wo inú igbó tiwọn.

Tùràrí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ojúbọ òrìṣà Ayélála, tí orúkọ rẹ̀ ń mú kí olè àti eléké gbọ̀n ní Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, èéfín kọ́ ni olórí ohun tí wọ́n ń lò. Ẹfun, obì, ọtí àti ẹran ẹbọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Omosade Awolalu kọ̀wé nípa Ayélála àti nípa ẹbọ nílẹ̀ Yorùbá, ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1979, ẹni tó bá fẹ́ mọ púpọ̀ sí i kó wá a kà. Ẹ̀sìn tó mú kí tùràrí gbilẹ̀ láàárín wa ni ti àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ oníṣòwò Hausa tipẹ́, ti Ìjọ Àgùdà, tí àlùfáà wọn ń ju àwo tùràrí síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú pẹpẹ, àti ju gbogbo wọn lọ, ti àwọn Aládùúrà.

Ìtàn àwọn Aládùúrà gan-an fi ẹsẹ̀ kan bọ inú ìsìn Àgùdà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de Corpus Christi tí àwọn Àgùdà ń ṣe ní Èkó. Ó ní òun rí áńgẹ́lì lábẹ́ ìborí tí wọ́n gbé sókè níbẹ̀, áńgẹ́lì náà tẹ̀ lé òun délé, òun sì wọ inú ìran fún ọjọ́ púpọ̀. Mósè Orímọ́ládé, ọmọ Ìkàrẹ́, ni wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá gbàdúrà fún un. Bí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi dé etí omi wa. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ náà ní Ìlàjẹ dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀ létí òkun. Ọdún 1947 kan náà ni Samuel Oshoffa bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ní Porto-Novo. Oníṣòwò igi dúdú, igi ẹ́bónì, ni ọkùnrin yìí, inú igbó tó ti ń wá igi náà ló sì ní ìpè ti bá òun. Lónìí, nínú ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun kárí Ìkálẹ̀, àbẹ́là, omi àdúrà àti tùràrí jọ ń rìn ni.

Ibo ni tùràrí yẹn ti ń wá? Ẹ wo ara páálí rẹ̀ lọ́jà. Èyí tó jẹ́ onígi tẹ́ẹ́rẹ́, Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Èyí tó jẹ́ wóró wóró, tó ní àwọ̀ oyin, oje igi Boswellia ni, láti Somalia, Etiópíà tàbí ilẹ̀ Lárúbáwá. Igi yẹn pàápàá wà nínú ewu. Ní 2019, Frans Bongers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa ọ̀kan lára irú igi náà, èyí tó wà ní Etiópíà àti àyíká rẹ̀. Wọ́n ní igi tó ti dàgbà ló kù, ọmọ igi kò hù dípò rẹ̀ mọ́, nítorí iná, nítorí ẹran tó ń jẹ ewé rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń dá a lọ́gbẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ṣírò pé láàárín ogún ọdún, oje tó ń mú wá á ti dín sí ìdajì.

Nígbà tí mo ka ìyẹn ni ọkàn mi lọ sí igbó ẹ̀yìn ilé wa.

Igi kan wà níbẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní òjíá. Ẹ mọ orúkọ yẹn, nítorí Bíbélì Yorùbá lò ó fún ọ̀kan nínú ẹ̀bùn mẹ́ta tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù. Òjíá ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, oje igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù ní aṣálẹ̀ ni. Tiwa kì í ṣe igi kékeré. Igbó tó kún, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ló ń gbé. Ó lè ga tó mítà 40, ìtì rẹ̀ á lọ gbọnrangandan sókè kí ẹ tó rí ẹ̀ka kan, èèpo rẹ̀ á ní àwọ̀ eérú, orí rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lókè bí agboòrùn ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àwọn onímọ̀ igi ń pè é ní Daniellia ogea. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún, Daniellia oliveri, ni àwọn Yorùbá ibẹ̀ ń pè ní ìyá. Oje rẹ̀ ni wọ́n ń sun láti fi òórùn sí aṣọ àti yàrá.

Daniellia yìí, orúkọ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. William Freeman Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ, ohun tí wọ́n fi ń wo àrùn, ohun tí wọ́n ń sun. Òun ló kọ̀wé nípa èso àgbáyun, tó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ dùn lẹ́nu. Ewé eéran tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, Thaumatococcus daniellii lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, orúkọ ọkùnrin kan náà ni. Ní 1855, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ igi tùràrí Sierra Leone, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n òjíá wa. Mo máa ń ronú pé ọkùnrin yìí mọyì nǹkan tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Bí ọ̀bẹ tàbí kòkòrò bá dá òjíá lọ́gbẹ́, oje á ṣàn wá síbẹ̀. Egbò rẹ̀ ni igi ń fi oje dí, kí kòkòrò àti ìdíbàjẹ́ má ráyè wọlé. Oje náà á dì, á sì le. Èyí tó bá jábọ́ lè wọnú ilẹ̀, kó wà níbẹ̀ pẹ́ títí, kó túbọ̀ le. Láyé àwọn òyìnbó, irú oje líle yìí jẹ́ ọjà: gọ́ọ̀mù kópàl ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi í ṣe fáníìṣì tí wọ́n ń kùn sí ara àga àti tábìlì. Ẹ lè fi omi dán an wò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ìwé á yọ́ nínú omi, oje òjíá kò ní yọ́. Ẹ gbé e sórí ẹ̀yinná, nígbà náà ni òróró inú rẹ̀ á tú sínú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yinná ni mo wí, mi ò wí pé ọ̀wọ́ iná. Bí oje náà bá gbiná, òórùn náà ló ń jó dànù, èéfín dúdú ló sì máa kù. Èédú tó ti pọ́n, tó ti ní eérú funfun lójú, ni kí ẹ fi wóró kékeré kan lé. Ìdí nìyẹn tí àlùfáà Àgùdà fi ń fi èédú sínú àwo rẹ̀. Ibi yìí ni ilẹ̀kùn àwọn ará Scotland ti wúlò fún wa. Ẹ ṣí fèrèsé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín inú ilé, èyí tó ń wá láti ara igi, èédú àti irú wọn tí a fi ń dáná, ló pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020. Ti tùràrí kò tó ti ààrò, ṣùgbọ́n eruku wínníwínní tí ojú kò rí wà nínú òun náà, ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, aláboyún, ọmọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó ti àwo tùràrí ní yàrá tí a tì pa fún ìsìn òru. Ẹ̀yin wòlíì àti olùṣọ́ àgùntàn tó ń gbọ́ mi, ẹ̀yin lẹ lè ṣe èyí láìná kọ́bọ̀.

Nísinsìnyí, igbó. Igbó Ọba Olúwa, tó ti Orè wá títí dé ìhà ọ̀dọ̀ wa, ju 80,000 hẹ́kítà lọ nínú ìwé. Ẹ wo inú rẹ̀ lónìí. Apá kan ni ìjọba ti gé kúrò láti fi gbin Gmelina, igi ará Éṣíà, tí wọ́n ní wọ́n máa fi ṣe pépà ní iléeṣẹ́ Ìwópin. Pépà tí wọ́n ń retí kò jáde tó bí wọ́n ṣe ṣèlérí, igbó àtijọ́ sì ti lọ. Apá mìíràn ti di oko kòkó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, oko ọ̀pẹ. Ìyókù, àwọn agégi ń wọ̀ ọ́ lóru. Òjíá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ìtì rẹ̀ gùn, ó sì tọ́, faro ni wọ́n ń pe pákó rẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ó sì dára fún pílíwúùdù. Mi ò bínú sí ẹni tó ń wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń ta igi tùràrí wa ní pákó, a sì ń fowó ra tùràrí láti òkèèrè.

Ní Etiópíà, níbi tí wọ́n ti gé igbó kúrò lórí òkè fún oko àti fún ẹran, ẹni tó bá wo ilẹ̀ láti òkè á rí àwọn agbègbè kéékèèké tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tódọ́ọ̀sì wọn gbà pé igbó tó yí ilé Ọlọ́run ká jẹ́ aṣọ rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e bó ṣe wù ú. Ọ̀kan lára igi tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni júnípà, irú ti ilẹ̀ Áfíríkà tó ń hù láti Etiópíà gba Kenya lọ sí ìhà gúúsù. Ẹ rí i pé ìjọ tó ń sun tùràrí ló ń ṣọ́ igi.

A mọ nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igbó orò àti igbó òrìṣà ní ìlú wa, ìbẹ̀rù ló pa wọ́n mọ́ fún wa títí di àná. Nígbà tí ìbẹ̀rù yẹn lọ, igi náà bá a lọ. Àwọn ìjọ Aládùúrà ní ilẹ̀ àánú, ní orí òkè àdúrà àti etí odò àdúrà, tí kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n: ẹ gbin òjíá síbẹ̀. Ẹ̀yin ìmáàmù náà, ẹ̀yin Àgùdà, ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ojúbọ Ayélála, mo ń bá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọdẹ àti àwọn àgbà agégi ibi tí òjíá ṣì dúró sí. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ má dá a lọ́gbẹ́ láti wo oje, ẹ kàn ṣọ́ ìdí rẹ̀ lásìkò tí èso bá ń já. Èso rẹ̀ pẹlẹbẹ, á là sí méjì, kóró kan ṣoṣo á sì so rọ̀ níbẹ̀ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ṣa á ní kíá, kí eku àti kòkòrò tó dé ibẹ̀, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá tó kún fún ilẹ̀ igbó, ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, ẹ fi í ṣe iṣẹ́ kíláàsì: kí àwọn ọmọ ka iye tó hù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágú wà ní Òkìtìpupa níhìn-ín, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbé ewé àti èso lọ bá àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kí wọ́n bá yín wò ó bóyá òjíá gan-an ni, nítorí igi mìíràn lè jọ ọ́. Nígbà tí ọmọ igi bá ga tó ìbàdí, ẹ gbé e lọ sí ilẹ̀ tí ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí. Ẹ jẹ́ kí àyè tó ó, nítorí ohun tó máa di igi mítà 40 kò ṣe é gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.